Bí mo ṣe ya ariwo kúrò nínú log kí n tó rí ohun tó ń dí kajú lọ́nà

Áàpù tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Kàbà fi ń gba ìwọ̀n kajú kì í dákẹ́. Bó ń ṣiṣẹ́, ó ń kọ log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Bí kò ṣiṣẹ́, ó ń kọ log. Nígbà tí kajú bá dé, àwọn tó ń bá ẹgbẹ́ rà á ní Ìyàrá, Mọ̀pà àti Ìsánlú á máa fi fóònù tẹ ìwọ̀n ránṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, fáìlì log náà á sì máa wú sí i. Ẹni tó kọ áàpù yìí ti lọ síṣẹ́ mìíràn, èmi ló wá bọ́ sí lọ́wọ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Ọ̀kún o, àbúrò. Àwọn ará Ìyàrá ní áàpù ò gba ìwọ̀n wọlé mọ́. Bí kò bá sì wọlé, a ò lè sanwó fún àgbẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Kí ló kan ẹni tó ru àpò kajú wá láti oko pẹ̀lú server, kọ̀ǹpútà tí áàpù ń gbé lórí rẹ̀? Mo kí wọn, mo sì bi wọ́n léèrè ohun méjì péré: aago mélòó ló ṣẹlẹ̀, gbogbo ìwọ̀n ni kò wọlé àbí àwọn kan? Wọ́n ní ó lé díẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, àti pé àwọn kan ń wọlé, àwọn kan ò wọlé.

Ìdáhùn méjèèjì yìí wúlò ju àṣẹ grep (tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì) èyíkéyìí lọ. Aago UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni server wa ń lò, aago Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Aago méjì ọ̀sán wa, 13:00 ni nínú log. Ẹni tó bá lọ ń wá 14:00 níbẹ̀ á ka wákàtí tí kò kan ọ̀rọ̀ náà. Mi ò sì wa fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà mi rárá, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa níbí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi wa fáìlì ńlá. Mo gba ssh, ọ̀nà tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè, wọ server, ibẹ̀ ni mo ti gé àkókò náà yọ:

journalctl -u kaju --since "13:00" --until "13:40" -o cat > osan.txt

Ohun tó wà nínú osan.txt ṣì pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà lọ. Mi ò kọ́kọ́ ju nǹkan kan nù. Mo ka iye wọn ná, kí n lè mọ èyí tó ń pariwo jù:

sed -E 's/[0-9]+/N/g' osan.txt | sort | uniq -c | sort -rn | head -40

sed ló ń sọ gbogbo nọ́ńbà di N, kí ìlà méjì tó jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀ lè di ọ̀kan. sort gbọ́dọ̀ ṣáájú uniq, torí uniq ò mọ̀ ju ìlà tó bá tẹ̀ léra lọ. Bí ìlà kan náà bá fọ́n káàkiri, á kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fún log nginx, ètò tó ń gba ìbéèrè fóònù wọlé kó tó dé áàpù.

Àwọn tó wà lókè ò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ wá wò bóyá a ṣì wà láàyè ń kan ilẹ̀kùn /health láìsinmi. Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì kan ń wá /wp-login.php (ojú-ìwé ìwọlé WordPress) àti .env (fáìlì tí àṣírí máa ń wà nínú rẹ̀) kiri, WordPress kọ́ ni tiwa, ṣùgbọ́n kò sí server tó wà ní gbangba íntánẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í kàn sí. DeprecationWarning, ìkìlọ̀ pé kóòdù kan ti ń di àtijọ́, náà tò lọ bí èèrà. Mo kó gbogbo wọn sínú fáìlì kan tí mo pè ní ariwo.txt, ọ̀kan lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, mo wá ní kí grep -v -F -f ariwo.txt fi wọ́n pamọ́ fún mi. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ṣọ́ra: bí ìlà òfìfo kan ṣoṣo bá wà nínú fáìlì yẹn, gbogbo log ló máa pòórá, torí pé òfo bá gbogbo ìlà mu. Ojú mi nìkan ni mo sì ń pa ariwo náà mọ́ fún. Mi ò fọwọ́ kan log fúnra rẹ̀.

Ọ̀kan wà tí mi ò jẹ́ kó wọ ariwo.txt, ìyẹn 499 inú log nginx. Òun ni nginx máa ń kọ bí fóònù bá já ìlà kí ìdáhùn tó dé. Ó pọ̀, ó ń súni, ṣùgbọ́n èèyàn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yà á sọ́tọ̀.

Nígbà tó kan traceback, ìyẹn àwọn ìlà tó ń fi ipa àṣìṣe kan hàn nínú kóòdù, mo fi grep -v sílẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń jù nù, ó sì lè gé traceback kan sí wẹ́wẹ́, kí orí wà níbí kí ìrù ti lọ. grep -A 80 "Internal Server Error" ni mo lò, kí ó fún mi ní odindi. Ìlà tó kẹ́yìn nínú gbogbo wọn rèé:

AttributeError: 'NoneType' object has no attribute 'id'

Gbogbo traceback ìwọ̀n Ìyàrá tí kò wọlé ló parí báyìí. Púpọ̀ nínú ìlà tó wà lókè rẹ̀ jẹ́ ti Django, ohun èlò tí a fi kọ áàpù náà, ọ̀nà wọn ní site-packages (fódà kóòdù tí kì í ṣe tiwa) nínú, wọn ò sì jẹ̀bi nǹkan kan. Mo fi grep -A1 '/srv/kaju/' mú ìlà tiwa nìkan jáde pẹ̀lú kóòdù tó tẹ̀ lé e. Ìlà díẹ̀ ló kù, ó sì yà mí lẹ́nu pé ibi méjì ni wọ́n ń tọ́ka sí. Mo padà sí odindi traceback náà, mo gòkè díẹ̀díẹ̀ títí mo fi kan gbólóhùn yìí:

During handling of the above exception, another exception occurred:

Òkè gbólóhùn yẹn ni ọ̀ràn gan-an wà: decimal.InvalidOperation: [<class 'decimal.ConversionSyntax'>]. Ohun tí Decimal, irinṣẹ́ Python tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, gbà kò jọ nọ́ńbà lójú rẹ̀. Kóòdù wa rí i pé nǹkan bàjẹ́, ó fẹ́ kọ nọ́ńbà àkọsílẹ̀ náà sínú log, bẹ́ẹ̀ àkọsílẹ̀ ọ̀hún ò tíì sí. Bí àṣìṣe kejì ṣe gun orí àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá tún ti ìsàlẹ̀ ṣe á rò pé òun ti parí, ìwọ̀n ò sì ní wọlé síbẹ̀.

Mo pe Ìyàrá. Ẹni tuntun kan ti ń bá wọn tẹ ìwọ̀n, ó sì ń kọ 1,250 pẹ̀lú kọ́má, bó ṣe wà nínú ìwé ọjà. Èyí tí kò tó ẹgbẹ̀rún kílò ń wọlé. Èyí tó bá ti tó bẹ́ẹ̀ kò wọlé. Ohun tó kọ tọ̀nà, áàpù ni kò gbọ́ ọ. Mo jẹ́ kí kóòdù yọ kọ́má kúrò bí díjíìtì mẹ́ta gééré bá tẹ̀ lé e. Bí ìwọ̀n bá ṣòro kà síbẹ̀, Yorùbá ni á fi sọ fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́, lójú ẹsẹ̀. Mo tún ibi tí àṣìṣe kejì ti ń wá ṣe pẹ̀lú.

Log nginx wa kì í kọ ohun tí èèyàn tẹ̀, àkókò àti ojú-ìwé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń kọ. Ìyẹn náà tó. Mo to àkókò gbogbo ìwọ̀n Ìyàrá tí kò wọlé, mo fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé, wọ́n bá ìwé ọjà wé e, wọ́n sì tún un tẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ fi traceback náà han ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo kọ́kọ́ fi sed bo nọ́ńbà fóònù àwọn àgbẹ̀ tó wà nínú rẹ̀.

499 ni mo ń lé báyìí. Ìsánlú ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn sì ni wọ́n máa ń so fọ́tò rìsíìtì pọ̀ mọ́ ìwọ̀n. Mo ti ń ya méjèèjì sọ́tọ̀, kí ìwọ̀n kọ́kọ́ wọlé, kí fọ́tò wá tẹ̀ lé e nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà.