Bí Ẹ Ṣe Lè Pààrọ̀ Ife Ọrùn Kẹ̀kẹ́ Ológeere Nílé

Kẹ̀kẹ́ tó ń ru àpò ẹ̀gẹ́ láti oko dé ilé, ọrùn rẹ̀, ìyẹn páìpù tí ọ̀pá fọ́ọ̀kì táyà iwájú gba inú rẹ̀ kọjá, kì í pẹ́ tó fi ń dùn ún. Ẹ di bíréèkì iwájú mú, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ náà síwá sẹ́yìn. Bó bá ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, ó lè jẹ́ pé ó kàn tú ni, ẹ fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé táyà iwájú sókè, tí ẹ rọra yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tó sì ń há ní ojú kan náà bó bá ti kan àárín, àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tó ń yí níbẹ̀ ti gbẹ́ kòtò sára ife irin inú ọrùn. Fífún kò lè wo èyí sàn.

Ẹ má fi ojú díwọ̀n ife tuntun lọ́jà. Ẹ tú fọ́ọ̀kì, ẹ gbé e dání pẹ̀lú ife àtijọ́. Kọ́ọ̀nù ìdí fọ́ọ̀kì, òrùka irin tí bọ́ọ̀lù ìsàlẹ̀ ń yí lé lórí, lè jẹ́ 26.4 mm, ó sì lè jẹ́ 27 mm. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ tún ní tíréèdì 26 nínú ínǹṣì kan lára ọ̀pá fọ́ọ̀kì, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ yòókù ní 24.

Láti yọ ife àtijọ́, ẹ ki ọ̀pá irin gígùn bọ ọrùn láti ìhà kejì, kó kan etí ife, kí ẹ máa fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, títí yóò fi bọ́. Ẹ nu inú ọrùn, ẹ fi gíríìsì pa á.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba férémù jẹ́ rèé: wọ́n á fi òòlù lu ife tuntun wọlé. Ẹ̀gbẹ́ kan á rì ju èkejì lọ, ẹnu ọrùn á fẹ̀ bí ẹyin, ife kankan kò sì ní dúró níbẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ẹ ra ọ̀pá onítíréèdì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin, kó nípọn tó 12 mm, kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, pẹ̀lú nọ́ọ̀tù méjì àti wásà méjì tó nípọn, tó fẹ̀ ju ife lọ. Ẹ ki ọ̀pá náà gba inú ọrùn kọjá, wásà lókè, wásà nísàlẹ̀, ife kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi sípánà di nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ mú, ẹ máa yí tòkè. Bí ẹ bá ti yí i dé ìdajì, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó yípo. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti ń ṣáájú, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un gbé. Bó bá jókòó tán, sípánà á le lójijì, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní gba àárín ife àti ọrùn kọjá.

Ti kọ́ọ̀nù ìdí fọ́ọ̀kì, òòlù kò burú: ẹ da kọ́ọ̀nù àtijọ́ dé orí tuntun, ẹ fi páìpù irin bọ ọ̀pá fọ́ọ̀kì, kó jẹ́ páìpù náà ni ẹ ó máa lù. Ojú tí bọ́ọ̀lù ń gbà kò ní ní ọgbẹ́.

Ẹ fi gíríìsì kún ife, ẹ to bọ́ọ̀lù yí i ká, kí ẹ wá yọ ẹyọ kan kí ìyókù lè ráyè yí. Ẹ dá fọ́ọ̀kì padà sínú ọrùn, ẹ fi ọwọ́ yí kọ́ọ̀nù òkè wálẹ̀ títí ọrùn kò fi ní mì mọ́, kí ẹ tó fi nọ́ọ̀tù tì í. Ẹ tún di bíréèkì mú, ẹ tì í wò. Bí ẹ bá ti fi ru ẹrù bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ tún dán an wò, nítorí ife tuntun máa ń rì díẹ̀ sí i.