Búrẹ́dì Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àná: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ẹyin Dín In

Lọ́jọ́ tí búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ bá kọ́kọ́ jáde nínú iná, tọmọdé-tàgbà ló ń bù ú jẹ. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ìyókù á ti wà nínú ọ̀rá, etí rẹ̀ á ti le, kò sì ní wu ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Irú rẹ̀ gan-an la fẹ́. Ẹ gé e, ẹ rì í bọ inú ẹyin àti mílíìkì, kí ẹ dín in. Òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní French toast.

Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa fi búrẹ́dì Agége ṣe é ló máa ń ṣi ọwọ́ sí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jù. Ìwúkàrà ló ń mú búrẹ́dì Agége wú, wọ́n sì máa ń fi ẹ̀rọ tẹ ìyẹ̀fun rẹ̀ títí á fi máa fà bíi rọ́bà. Bó pẹ́ nínú ẹyin, á kàn mu ún bíi kànìnkànìn ni, kò ní já. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Baking powder tàbí baking soda ló mú un wú, a kì í po ó pẹ́, ṣúgà àti òróró inú rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ìyẹ̀fun di ara wọn mú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tún ti fi omi sí i nínú tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá rẹ ẹ́ bí ẹ ṣe ń rẹ Agége, inú abọ́ ló máa wó sí, ohun tí ẹ óò sì dà sínú páànù á dà bí ògì. Torí náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ kó tó kan ẹyin, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ nínú ẹyin. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ búrẹ́dì náà wò, pàápàá ní àsìkò òjò tó jẹ́ pé èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá lè bu láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ yí i dé abẹ́. Bí ẹ bá rí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó rí bí òwú, bó tiẹ̀ jẹ́ ojú kan péré, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ má sọ pé ẹ óò gé ibẹ̀ kúrò: nínú búrẹ́dì rírọ̀, ó ti ta gbòǹgbò kọjá ibi tí ojú ń rí. Èyí tó bá ń rùn bí ọtí náà ti bàjẹ́, dídín ò lè tún un ṣe.

Fún ègé 6, tí èèyàn 3 lè jẹ yó, ohun tí ẹ nílò nìyí:

Ẹyin ńlá 2, tàbí 3 bó bá jẹ́ kéékèèké
Mílíìkì mílílítà 120, ìyẹn ìdajì ife (bó bá jẹ́ ti agolo tó ki, ẹ da mílílítà 80, kí ẹ fi omi 40 là á, bó bá jẹ́ oníyẹ̀fun, ṣíbí ìjẹun 2 nínú omi mílílítà 120)
Iyọ̀, ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú
Sínámọ́nì tàbí nọ́tímẹ́ẹ̀gì, ìdajì ṣíbí tíì
Bọ́tà ṣíbí ìjẹun 1 àti òróró ṣíbí ìjẹun 1

Kò sí ṣúgà níbẹ̀, a ò sì gbàgbé rẹ̀. Ṣúgà wà nínú búrẹ́dì yìí, adùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n tún kún un. Bí ẹ bá tún da ṣúgà sínú ẹyin, ojú rẹ̀ á ti jóná kí ẹyin inú rẹ̀ tó jinná. Iyọ̀ ni kí ẹ má yọ kúrò, òun ló ń jẹ́ kí adùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ hàn.

Bí fíríìjì bá wà, ẹ gbé odindi búrẹ́dì náà sínú rẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó gé e. Tó bá tutù, kì í rún. Ọ̀bẹ eléyín ni kí ẹ lò, kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń rẹ́ pákó, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ègé kọ̀ọ̀kan nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5. Èyí tó bá tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ á dá sí méjì nígbà tí ẹ bá ń yí i. Èyí tó bá nípọn ju 3 lọ, àárín rẹ̀ á ṣì tutù nígbà tí ìta ti pọ́n. Orí àti ìdí búrẹ́dì kì í mu ẹyin dáadáa torí èèpo rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ẹ fi mu tíì.

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ni kí ẹ farabalẹ̀ sí. Nígbà ọyẹ́, Ìbàdàn fúnra rẹ̀ á bá yín gbẹ ẹ́: ẹ tẹ́ àwọn ègé náà sórí asẹ́ lálẹ́, ẹ gbé e sókè kí èèrà má dé ibẹ̀, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó, tó bá di àárọ̀ ó ti ṣetán. Orí asẹ́ la sọ, kì í ṣe orí àwo, torí pé abẹ́ èyí tó wà nínú àwo á máa làágùn. Ní oṣù Keje tí gbogbo ara ògiri ń tutù, kò sí bí ẹ ṣe lè tẹ́ ẹ kalẹ̀ tó lè gbẹ, ńṣe ni yóò tún máa rọ̀ sí i. Iná ni kí ẹ lò nígbà náà: ọ́fìnì ní 150°C fún ìṣẹ́jú 10 sí 12, kí ẹ yí i nígbà tó bá dé ìdajì. Ilé tí kò bá sí ọ́fìnì, kí ẹ tò ó sínú páànù gbígbẹ, láìsí òróró, lórí iná kékeré, ìṣẹ́jú 2 ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fọwọ́ kan án. Ó yẹ kó dà bí ẹ̀yìn àkàrà tó ti tutù: kó gbẹ lójú, kó má lẹ̀ mọ́ ìka, síbẹ̀ kó ṣì máa tẹ̀ tí ẹ bá fọwọ́ tì í.

Ẹyin nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ lù, títí tí funfun rẹ̀ ò fi ní máa fà bí okùn mọ́. Funfun ẹyin tí kò bá pò dáadáa ló máa ń dín lọ́tọ̀ sára búrẹ́dì, tí á rí jágajàga. Sínámọ́nì máa ń léfòó, torí náà ẹ fi mílíìkì ṣíbí kan po ó ná kó dà bí ọbẹ̀ tó ki, kí ẹ tó da ìyókù mílíìkì, iyọ̀ àti ẹyin sí i. Abọ́ pẹrẹsẹ ni kí ẹ dà á sí, kó lè gba ègé 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹ gbé páànù tí ìdí rẹ̀ nípọn kaná, kí iná má tó ti ẹni tó fẹ́ dín dòdò. Bí ẹ bá ń lo àdògán, ẹ fọ́n èédú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má kó o jọ sábẹ́ páànù. Ẹ da ìdajì òróró àti ìdajì bọ́tà sí i, kí ìdajì kejì dúró de ègé tó kù. Bọ́tà nìkan máa ń tètè dúdú, torí mílíìkì tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ lọ́jà tí gbogbo wa ń pè ní bọ́tà, margarine ni, omi sì wà nínú rẹ̀; ẹ jẹ́ kó hó tán, kí ariwo rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ wá kán ẹyin ẹ̀kán kan sí i. Bó bá rọra dún ṣìì, tó sì dì láìpọ́n lójú ẹsẹ̀, iná ti ṣe déédéé.

Ìgbà tí páànù bá ti ṣetán ni kí ẹ tó rì búrẹ́dì bọ ẹyin, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ ka 1 dé 10, ẹ yí i, ẹ tún kà á dé 10. Ẹ má fi fọ́ọ̀kì gún un; ṣíbí pẹlẹbẹ tí a fi ń yí ẹyin ni kí ẹ kì bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e sókè kí ẹyin ro dànù díẹ̀. Tó bá ti dé inú páànù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 sí 4. Ẹni tó bá ń yẹ abẹ́ rẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà ló ń fọ́ ọ. Tí ẹyin bá ti dì, ó máa tú ara rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì pọ́n bíi dòdò. Ẹ yí i, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 2 sí 3 sí i. Ẹ tẹ àárín rẹ̀: bí omi ẹyin bá yọ, ẹ dín iná kù, kí ẹ fi ọmọrí dé e fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ nu páànù kí ẹ tó kó òmíràn sí i, torí èérún tó jóná máa ń korò, á sì lẹ̀ mọ́ èyí tó kàn.

Bó bá dúdú níta tó sì rọ̀ nínú, iná ló pọ̀ jù. Bó bá jinná àmọ́ tó ń jẹ bí ẹyin díndín lásán, mílíìkì ló kéré. Bó bá wó mọ́ yín lọ́wọ́ sínú abọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ rún gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹyin náà, ẹ dà á sínú agolo tí ẹ fi bọ́tà pa nínú, ẹ bò ó, kí ẹ sè é lórí omi gbígbóná bíi móínmóín fún ìṣẹ́jú 25 sí 30. Oúnjẹ gidi nìyẹn náà.

Oyin ìgàn dára lórí rẹ̀, ṣíbí tíì kan ti tó. Àmọ́ tó bá jẹ́ tiwa, wàrà díndín tí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí la máa fi jẹ ẹ́, tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó kan díẹ̀, torí ohun tó dùn tó báyìí ń fẹ́ ohun tó máa gé adùn rẹ̀. Bí ọmọ iléèwé bá máa gbé e lọ, ẹ jẹ́ kó fẹ́ sí atẹ́gùn lórí asẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó dé kúlà rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ooru rẹ̀ á sọ ọ́ di rírọ̀ kí wọ́n tó lu agogo oúnjẹ. Èyí tó bá ṣẹ́kù lè wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ 2 bí iná mànàmáná bá dúró. Inú páànù gbígbẹ ni kí ẹ ti gbóná rẹ̀. Ẹyin tó kù nínú abọ́ ni kí ẹ má tọ́jú. Búrẹ́dì ti rún sínú rẹ̀, ó sì ti wà níta nínú ooru: ẹ dà á sínú páànù kan náà kí ẹ tó pa iná.