Bí Mo Ṣe Mọ Aṣọ Tí Bàbá Akódà Wọ̀ Nínú Fọ́tò Àtijọ́

Wọ́n ti sin Bàbá Akódà kí wọ́n tó bí mi. Àbúrò bàbá àgbà mi ni, ohun tí ó sì kù fún wa lára rẹ̀ kò ju orúkọ yẹn lọ àti fọ́tò mẹ́ta tí ó wà nínú pọ́tímáńtò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Ìyá Ìbejì, ní agboolé wa ní Ìsẹ́yìn. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ ìjọba. Gbogbo ilé gbà pé aṣọ akódà, ìyẹn ọlọ́pàá kóòtù, ni, nítorí pé iṣẹ́ akódà ni ó ṣe ní kóòtù ìbílẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, àti nítorí pé ẹnìkan fi íǹkì kọ lẹ́tà NA sí ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà, ó fa ìlà kan, ó sì kọ nọ́ńbà tẹ̀ lé e. Láyé ìjọba òyìnbó, ẹni tí ó bá rí N.A., Native Authority, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí. Ta ni yóò tún bi ara rẹ̀ léèrè?

Nígbà tí ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìdílé wa sílẹ̀ ni mo tún gbé àwọn fọ́tò náà jáde. Fìlà tí ó wà nínú fọ́tò kìíní ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Àkẹtẹ̀ aṣọ ni, etí rẹ̀ gbòòrò, wọ́n sì ká etí apá òsì sókè, wọ́n so ó mọ́ ara fìlà. Mo bi Ìyá Ìbejì bóyá ó rí akódà kan rí tí ó dé irú rẹ̀. Ó rò ó títí, ó ní òun kò rí i rí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wá ọ̀nà tí n ó fi rí fọ́tò náà dáadáa láì ba á jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ bébà dúdú nínú álíbọ́ọ̀mù. N kò ya á, nítorí mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ipá ya irú rẹ̀ tí ojú ẹni tí ó wà níbẹ̀ sì bá gọ́ọ̀mù lọ. Mo gbé álíbọ́ọ̀mù náà bí ó ṣe wà sójú skánà. Àwọn méjì yòókù ni mo kó lọ bá ẹnìkan tí ó ń ṣe skánà fún ará ìta ní Ìbàdàn. Ó ṣe é, mo sanwó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo fẹ́ fẹ apá aṣọ náà lójú, ohun tí mo rí kò ju àwọn igun mẹ́rin kéékèèké aláwọ̀ eérú lọ, nítorí pé 150 dpi, ìyẹn àmì 150 péré nínú ínṣì kan, ni ó ṣe é sí. Fún ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé, èyí tó. Fún bọ́tìnì aṣọ tí kò tó orí ìṣó nínú fọ́tò, kò tó rárá. Mo yá skánà ọ̀rẹ́ mi, mo sì ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1200 dpi, ojú àti ẹ̀yìn àwọn tí kò lẹ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù. Ẹ má ṣe fo ẹ̀yìn fọ́tò o. Ohun tí ayàwòrán tàbí ẹni tí ó ni fọ́tò kọ síbẹ̀ lè tayọ gbogbo ohun tí aṣọ yóò sọ.

Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo pa iná yàrá, mo tan iná fóònù mi, mo sì fi í lélẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ fọ́tò kìíní kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè máa sáré kọjá lórí bébà náà. Ní igun ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, níbi tí ojú mi kò ti rí nǹkan kan ní ọ̀sán, òǹtẹ̀ kan tí kò ní íǹkì yọ jáde, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ìgbà náà máa ń tẹ̀ wọnú bébà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ti pa rẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú kò pa rẹ́: RANCHI. Ìlú ní ìlà-oòrùn Íńdíà ni Ranchi. Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Akódà kóòtù Ìsẹ́yìn kò ní iṣẹ́ kankan í ṣe ní Íńdíà.

Láti ibẹ̀ ni mo ti padà sí lẹ́tà NA. Àjọ Commonwealth War Graves Commission ní àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kú nínú ogun àgbáyé méjèèjì, ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn, a kì í sì í sanwó kí a tó wò ó. Mo mọ̀ pé n kò lè bá Bàbá Akódà níbẹ̀, nítorí ilé ni ó kú sí. Ohun tí mo ń wá ni bí wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo wá Nigeria Regiment, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà láyé òyìnbó, lára àwọn tí orúkọ wọn wà ní Rangoon Memorial, ní ibi ìsìnkú àwọn ológun ní Taukkyan, ní ilẹ̀ Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar báyìí. Orúkọ Yorùbá, ti Haúsá, ti Tífì ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, iwájú nọ́ńbà wọn sì ni NA wà pẹ̀lú ìlà kan náà, bí ó ti wà lẹ́yìn fọ́tò wa. Ti àwọn ará Gold Coast, tí ó di Gánà, GC ni ó ń ṣáájú rẹ̀. Nọ́ńbà ṣọ́jà ni nọ́ńbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa ni a kà á sí ìjọba ìbílẹ̀.

Fọ́tò kejì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nínú rẹ̀, Bàbá jókòó, ó dé fìlà rógódó kan tí àmì irin wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ̀ ẹ́, igi ọ̀pẹ ni mo rí, ó dúró lórí òkìtì kékeré, lẹ́tà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àmì Royal West African Frontier Force nìyí, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó jọ láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà. Ọdún 1928 ni wọ́n fi Royal kún orúkọ náà, nítorí náà, bí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá jẹ́ R, fọ́tò kò lè ṣáájú ọdún yẹn. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀pẹ náà kò sọ orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá, nítorí pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n jọ ni ín. NA ni ó sọ ìyẹn fún mi.

Ó wá ku àmì aṣọ tí wọ́n rán mọ́ apá rẹ̀ nínú fọ́tò Ranchi, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣìnà. Dífíṣọ̀n méjì, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì, ni wọ́n kó láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ bá àwọn ará Jàpáànù jà ní Bọ́mà, 81 àti 82, ọdún 1943 ni wọ́n sì dá méjèèjì sílẹ̀. Aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè ni àmì Dífíṣọ̀n 81, ìyẹn Ànàǹsé, tí ó ń ṣe nínú àlọ́ àwọn Àkán ilẹ̀ Gánà ohun tí Ìjàpá ń ṣe nínú tiwa. Mo ti ka èyí kí n tó wo apá aṣọ náà, nítorí náà aláǹtakùn ni ojú mi rí: ara róbótó ní àárín, ẹsẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Mo tilẹ̀ ti kọ Dífíṣọ̀n 81 sínú ìwé ìdílé.

Nígbà tí mo padà sí Ìsẹ́yìn, mo na fóònù sí Ìyá Ìbejì. N kò sọ ohun tí mo rò fún un. Mo kàn bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ẹ rí níbí?”

Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́ra. “Àkànní, àbí òṣùká kọ́ nìyí? Ta ló ti igi méjì bọ̀ ọ́ lára báyìí?”

Ìyá Ìbejì ti fi orí ru ẹrù lọ sí ọjà fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Mo gba fóònù padà, mo ka ẹsẹ̀ aláǹtakùn mi. Mẹ́jọ ni ó yẹ kí n kà. Mẹ́rin ni mo kà, wọ́n gùn, wọ́n tọ́, wọ́n sì fi ara kọ́ra ní àárín òrùka kan. Ọ̀kọ̀ méjì tí ó kọjá nínú òṣùká aláàárù ni àmì Dífíṣọ̀n 82. Àwọn tí wọ́n yan àmì yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, nítorí pé orí ènìyàn ni púpọ̀ nínú ẹrù àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gbà kọjá nínú igbó àti lórí òkè Arakan ní Bọ́mà, níbi tí mọ́tò kò lè dé. Ranchi pẹ̀lú bá a mu, nítorí ibẹ̀ ni Dífíṣọ̀n 82 kóra jọ sí ní ọdún 1944 kí wọ́n tó wọ Bọ́mà.

Fún rìbọ́ọ̀nù mẹ́dàlì tí ó wà ní àyà rẹ̀ nínú fọ́tò kejì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀. Fíìmù kan wà nígbà náà tí kì í gba ìmọ́lẹ̀ pupa, tí pupa fi máa ń dúdú nínú rẹ̀ tí búlúù sì máa ń funfun. Ètò tí wọ́n fi tò wọ́n àti ìrísí ìlà wọn ni mo tẹ̀ lé. Mẹ́rin ni wọ́n. Ti ìkíní, etí rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba, ọ̀kan ṣókùnkùn ju èkejì lọ: rìbọ́ọ̀nù 1939–1945 Star nìyẹn, búlúù tí ó dúdú ní apá kan, pupa ní àárín, búlúù tí ó mọ́ ní apá kejì. Burma Star ni ó tẹ̀ lé e, ìlà pupa fífẹ̀ ní àárín rẹ̀, tín-ínrín kan aláwọ̀ ọsàn sì wà nínú búlúù ọ̀tún àti ti òsì. Defence Medal àti War Medal ni wọ́n parí rẹ̀. Bí ẹ bá rí mẹ́dàlì náà fúnra rẹ̀ nínú ilé, ẹ má retí orúkọ ènìyàn yín lára rẹ̀, nítorí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fín orúkọ sára mẹ́dàlì ogun yẹn fún àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Fọ́tò kẹta kò gbà mí ní àkókò: àwọn ọkùnrin mọ́kànlá ni, aṣọ kan náà, ọ̀pẹ kan náà.

Ohun kan dùn mí nínú gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń gba iwájú Letmauk Barracks kọjá ní Mọ́kọ́lá, tí n kò bèèrè èdè tí orúkọ náà jẹ́. Ibì kan ní Bọ́mà ni Letmauk, Dífíṣọ̀n 82 jà níbẹ̀ ní ọdún 1945. Bẹ́ẹ̀ náà ni Arakan Barracks tí ó wà ní Àpápá. Orúkọ ojú ogun tí Bàbá Akódà ti jà wà lára pátákó ní ìgboro Ìbàdàn, àwa sì ń pè é ní ọlọ́pàá kóòtù.

Mo ra àpòòwé mẹ́ta tí kò ní gọ́ọ̀mù. N kò kọ nǹkan kan sí ẹ̀yìn fọ́tò. Ara àpòòwé ni mo fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí: orúkọ rẹ̀, Nigeria Regiment, Dífíṣọ̀n 82, Ranchi, bóyá 1944. Mo kà á sókè fún Ìyá Ìbejì. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Akódà dà?”

Mo ní, “Ẹ̀yin náà ti rí i pé kì í ṣe aṣọ akódà, mà.”

“Mo rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti ogun dé, iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ wa. Kọ ọ́ sí i.”

Mo fi kún un.