(a + b)² kì í ṣe a² + b²: àṣìṣe tó ń jẹ máàkì àwọn ọmọ wa

Ọmọ tó bá rí (x + 3)² tó sì kọ x² + 9 kì í ṣe olódo. Ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ló tàn án: 2(x + 3) ń di 2x + 6, (3x)² sì ń di 9x². Ó wá rò pé 2 kékeré tó wà lórí àkámọ́ náà yóò wọlé lọ bá oníkálukú. Rárá o. Ohun tó ń sọ ni pé ká fi gbogbo inú àkámọ́ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: (x + 3)(x + 3). Ẹ ṣí i, ẹ ó rí x² + 3x + 3x + 9, ìyẹn x² + 6x + 9. 6x yẹn ni wọ́n ń jù nù.

Ẹ wò ó lórí ilẹ̀. Ẹnì kan ní ilẹ̀ ní Àkúrẹ́, ẹsẹ̀ bàtà 50 ní gígùn, 50 ní ìbú. Ó ra 10 kún gígùn, ó ra 10 kún ìbú. 50² + 10² jẹ́ 2,600, ṣùgbọ́n 60 lọ́nà 60 jẹ́ 3,600. Níbo ni 1,000 wọlé sí? Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan 50 lọ́nà 10, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ àtijọ́. 100 tó jẹ́ 10² yẹn, kọ̀rọ̀ lásán ni. Awọnlẹ̀ tó bá ṣe irú ìṣirò yìí, kóòtù ni wọn yóò ti parí rẹ̀.

Ti àyọkúrò tún le jù. (x − 5)² jẹ́ x² − 10x + 25. Ẹ má kọ −25 sí ìparí: −5 lọ́nà −5, +25 ni. Ẹni tó kọ x² − 25, (x − 5)(x + 5) ló ṣe láìmọ̀.

Bí nọ́ńbà bá wà níwájú x, ẹ má gbàgbé rẹ̀: (2x + 3)² ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4x², kì í ṣe 2x², àárín rẹ̀ sì jẹ́ 12x, kì í ṣe 6x.

Láti yẹ iṣẹ́ wò, ẹ fi 1 sí ipò x: (1 + 3)² jẹ́ 16, 1 + 9 jẹ́ 10. Ẹ má fi 0 yẹ̀ ẹ́ wò o. 0 á bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀, 9 ni ẹ ó rí níhà méjèèjì.

Bí ìbéèrè bá ní (x + 3)² = x² + 39, ẹni tó ju 6x nù á bá 9 = 39 níwájú, á sì kọ ọ́ pé kò ní ìdáhùn. Ẹ dá 6x padà: 6x + 9 = 39, x = 5.