Ẹ mọ ìrísí ilà EQ kẹ́ ẹ tó fà á

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe mixing nílé, ìyẹn pípo àwọn ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ pọ̀ di orin, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ EQ yìí, irinṣẹ́ tá a fi ń fi kún apá kan nínú ohùn tàbí ká bù ú kù, kó yé wa, torí mo ń rí i lára àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ n'Ífẹ̀ ńbí pé wọ́n á kàn di ilà yẹn mú, wọ́n á máa fà á sókè sódò. Òsì ni béèsì wà, láti 20 Hz (Hz ni iye ìgbà tóhùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ọ̀tún lohùn tó tín-ín-rín wà, dé 20,000. Tí ilà bá gòkè ẹ ti fi kún ibẹ̀ nìyẹn, tó bá wálẹ̀ ẹ ti bù ú kù.

Ká ní ẹ gba ohùn ọkùnrin sílẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń kùn lábẹ́ ẹ̀, high-pass lẹ máa lò, èyí tó ń gé ohùn tó wà nísàlẹ̀ ibi tẹ́ ẹ gbé e sí, ẹ gbé e sí 80 Hz. Kì í gé e bí ẹni fi àdá gé igi o, ńṣe ló ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: ní 80 yẹn gan-an, ohùn ti fi 3 dB lọ sílẹ̀ (dB la fi ń wọn bóhùn ṣe le tó), tẹ́ ẹ bá wá yan 12 dB fún octave kan (ìyẹn kí Hz di ìdajì tàbí ìlọ́po méjì), kó tó dé 40 á ti lọ sílẹ̀ bíi 12.

Shelf rí bí pèpéle, látibi tẹ́ ẹ gbé e sí lọ ló máa gbé gbogbo ẹ̀ pọ̀. Notch, ihò tóóró ni, hum iná, ìyẹn kíkùn tí iná mànàmáná ń kó sínú ohùn, ló wà fún. Iná wa 50 Hz ni, torí náà ní 50, 100, 150 lẹ máa bá a.

Bell, tí ilà ẹ̀ rí bí agogo, ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Q ni nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe fẹ̀ tó: Q ńlá, agogo ẹ̀ á rí tóóró, Q kékeré, á fẹ̀. Tó bá jẹ́ ReaEQ, EQ inú REAPER tá a fi ń gba orin sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, lẹ̀ ń lò, octave ni wọ́n fi ń wọn fífẹ̀ ẹ̀, nọ́ńbà ńlá ló fẹ̀ níbẹ̀.

Mo fi Q 8 gbé gángan sókè ní 6 dB nígbà kan kó lè yọ, bàbá onílù tó wá láti Iléṣà gbọ́ ọ, ó ní, "Èmi kọ́ ni mo sọ èyí." Òótọ́ ni wọ́n sọ, torí gángan ń yí láti dò sí rè sí mí, agogo tóóró yẹn mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, ìyẹn ń pariwo, àwọn tó kù ò jáde, ọ̀rọ̀ ìlù sì dàrú. Mo sọ Q di 0.7, mo fi 2 dB péré kún un, gbólóhùn náà padà.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tìlù tán, ẹ pe ẹnì kan tí ò sí níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀, kẹ́ ẹ bi í pé kí nìlù wí.