Ọwọ́ Òsì Ni Kí Ẹ Jókòó Sí: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Bọ́ọ̀sì Wo Havana

Ọwọ́ òsì ni kí ẹ jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ nìyí fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń lọ sí Havana, olú ìlú Kúbà. Tí bọ́ọ̀sì bá kó yín láti òtẹ́ẹ̀lì ní àdúgbò Vedado lọ sí ìlú àtijọ́, Malecón ló máa gbà, títì etí òkun tó gùn tó kìlómítà 8. Ọwọ́ òsì ni òkun wà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi, ọwọ́ ọ̀tún ni mo jókòó sí. Ògiri ilé tí iyọ̀ òkun ti jẹ ni mo ń wò títí a fi dé, orí àwọn èèyàn ló dí òkun mọ́ mi lójú. Mo san owó mìíràn lọ́jọ́ kejì kí n lè rí i.

Kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, ẹ bi afinimọ̀nà pé: ìgbà wo ni kálukú máa ráyè rìn fúnra rẹ̀, ibo la sì ti máa pàdé? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà, torí tí wọ́n bá ti tò síbi tí wọ́n ń gúnlẹ̀ sí, gbogbo wọn jọra bí ìbejì. Ẹ mú owó pésò kéékèèké dání fún omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Káàdì báńkì Amẹ́ríkà kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀.

Ní gbàgede Plaza de la Revolución, ẹ ya fọ́tò yín kí ẹ padà sínú bọ́ọ̀sì. Oòrùn ibẹ̀ kò ṣeé dúró sí.

Gbàgede Plaza de Armas ní ìlú àtijọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Wọ́n á fi ilé gómìnà àtijọ́ hàn yín, pẹ̀lú títì iwájú rẹ̀ tí wọ́n fi pákó tẹ́ dípò òkúta. Ẹ wò ó, àmọ́ kí ẹ yíjú sí òdìkejì, níbi ilé kékeré kan tí wọ́n kọ́ ní 1828, tí wọ́n ń pè ní El Templete. Igi kan wà nínú ọgbà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ceiba. Àràbà ni! Àràbà tí a mọ̀ nílé gan-an. Abẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní wọ́n ti dá ìlú náà sílẹ̀ ní 1519, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n gbìn ín rọ́pò ni. Lálẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá, àwọn ará ìlú á tò lọ rẹrẹ, wọ́n á yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, kálukú á máa tọrọ ohun tó ń fẹ́. Afinimọ̀nà wa kò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ níbẹ̀. Ó dùn mí.

Ní àdúgbò yẹn, ẹ máa rí àwọn tó wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn àti lọ́wọ́. Iyawó ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ìyàwó òrìṣà, ì báà jẹ́ ọkùnrin. Ọdún kan ni wọ́n fi ń wọ funfun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ fóònù sí wọn láìtọrọ àyè. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ló gbé ẹ̀sìn òrìṣà débẹ̀. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n sì pa á mọ́ jálẹ̀ gbogbo oko ẹrú tí kò dópin ní Kúbà títí di 1886.

Tí bọ́ọ̀sì bá gba ọ̀nà abẹ́ omi tí wọ́n ṣí ní 1958 kọjá, ẹ ti wà ní òdìkejì nìyẹn, níbi odi El Morro. Ẹ gun orí ògiri rẹ̀. Ẹ ó rí i pé bí ìkòkò ni èbúté náà rí: ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn rẹ̀ fẹ̀. Ní 1762, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dó ti odi yìí títí wọ́n fi gbà á, tí ìlú náà sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá a padà fún Sípéènì, wọ́n sì gba Florida dípò. Kíá ni Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi mìíràn, La Cabaña, sórí òkè tó wà nítòsí, kí ọ̀tá má bàa tún ríbẹ̀ dúró sí. Ní agogo 9 alẹ́ lójoojúmọ́, wọ́n ṣì ń yin àgbá níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi kéde láyé àtijọ́ pé wọ́n ti ti ẹnubodè ìlú.

Bọ́ọ̀sì wa kò dé Regla, àdúgbò kan tó wà ní òdìkejì èbúté. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ lọ. Láti Plaza de San Francisco, ẹ máa tẹ̀ lé etí èbúté, kí omi wà lọ́wọ́ òsì yín, títí ẹ ó fi dé Emboque de Luz, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra. Wọ́n á yẹ báàgì yín wò, nítorí náà ẹ má di ẹrù ńlá lọ. Ọkọ̀ náà kì í pẹ́ dé òdìkejì, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló sì kù láti ibẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ère Màríà Wúńdíá tó dúdú ló wà nínú rẹ̀, ó gbé ọmọ funfun dání. Àwọn tó ń bọ òrìṣà níbẹ̀ mọ̀ pé Yemayá ni àwọn ń kí.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí. Yemọja tí ìyá ìyá mi mọ̀, odò Ògùn ló ni. Ní Regla, òkun ló ni. Bí mo ṣe dúró níbẹ̀, ìyá àgbà kan tó wọ aṣọ búlúù sọ pé, "Omío Yemayá." Mo dáhùn pé, "Omi o!" Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Ẹ fi wákàtí kan àtààbọ̀ sílẹ̀ fún Regla. Tí àyè tí afinimọ̀nà fún yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ni ọdún Wúńdíá náà, èrò máa ń pọ̀ gan-an, ẹ má fi ti bọ́ọ̀sì kún un lọ́jọ́ yẹn. Kí ẹ tó wọkọ̀ padà, ẹ rìn dé etí omi níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Owó onírin ni àwọn èèyàn ń jù sínú rẹ̀. Ẹ mú tiyín náà dání.