Wáyà Tín-ín-rín Ló Ń Jẹ Iná Yín: Ìtọ́sọ́nà Lórí Iná Volt 12 Láyìíká Ilé àti Abà

Àgbàdo tó jóná ló mú wa kọ ìwé yìí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Òkè-Ògùn yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lówó kí wọ́n fi ra sólà kékeré, bátìrì àti gílóòbù LED tó ń lo volt 12, kí àyíká ilé àti abà má bàa ṣókùnkùn lóru mọ́. Ohun tó dára ni wọ́n ṣe. Àmọ́ kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, àká kan ti jóná pẹ̀lú àpò àgbàdo mọ́kànlá, àwọn tí tiwọn ò jóná sì ń ráhùn pé iná ẹnu géètì àwọn ò yàtọ̀ sí tanátaná. Wọ́n ní kí n wá wò ó. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, ohun kan náà ni mo sì ń bá: owó ti tán sórí gílóòbù àti bátìrì, èyí tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi ra wáyà.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń gun òrùlé. N ò ní fi ìyẹn gbà yín lásìkò. Ọ̀rọ̀ wáyà ni mo bá wá.

Ìdí tí wáyà yàrá kò fi tó

Gílóòbù tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 30 watt, bí ẹ bá fi sórí iná NEPA tí í ṣe volt 230, 0.13 amp (amp ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) péré ló ń gba inú wáyà kọjá. Ẹ gbé 30 watt yẹn kan náà sórí volt 12, ó di 2.5 amp, ìlọ́po mọ́kàndínlógún. Wáyà tó ń gbé iná yàrá láìsí wàhálà á wá dà bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí èèyàn fẹ́ fi fa omi kànga. Volt á máa ṣòfò lójú ọ̀nà, bí wáyà bá sì ṣe gùn tó ni òfò náà á ṣe pọ̀ tó.

Bàbá kan wà tí ilé wọn wà lẹ́bàá ọ̀nà oko. Gílóòbù mẹ́fà, 5 watt ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà ilé dé géètì, mítà 38. Wáyà 0.75 (nọ́ńbà ara wáyà ni ìwọ̀n sísanra bàbà inú rẹ̀, ní mílímítà onígun mẹ́rin), irú èyí tí wọ́n fi ń so gbohùngbohùn, ni wọ́n fi fà á. Gílóòbù àkọ́kọ́ ń tàn yanran. Nígbà tí a fi máa dé ìkẹfà, ó ti rẹ̀ bí ẹyin iná abẹ́ eérú. Wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀kan nítorí ẹ̀.

“Ọmọ mi, bátìrì ayédèrú ni wọ́n tún tà fún mi,” ni wọ́n wí.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná.”

Mo fi mítà tí a fi ń wọn volt sẹ́nu bátìrì: 12.4. A jọ rìn dé géètì, mo fi mítà yẹn kan náà sẹ́nu gílóòbù ìkẹyìn: 9.8. Bàbá wo mítà, wọ́n wẹ̀yìn wo ọ̀nà ilé, wọn ò sọ̀rọ̀. Bátìrì méjì ni wọ́n ti rà sórí àìsàn tí kì í ṣe ti bátìrì. Inú bí mi gan-an, kì í ṣe sí wọn o, sí ẹni tó gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn tí kò fi mítà kan nǹkan kan kó tó lọ.

A tú wáyà 0.75 kúrò, a fi wáyà 4 rọ́pò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Volt gílóòbù ìkẹyìn di 11.9. Bátìrì tí wọ́n ń pè ní ayédèrú yẹn náà ló ń tan iná ọ̀hún di òní.

Ìwọ̀n tí ẹ máa tẹ̀ lé

Nígbà tí gbogbo iná bá ń tàn, volt tó ń sọnù láàárín bátìrì àti gílóòbù ìkẹyìn kò gbọ́dọ̀ ju 0.6 lọ. Bí gílóòbù yín lápapọ̀ bá jẹ́ 30 watt, tí gbogbo wọn sì wà ní òpin wáyà, ibi tí wáyà bàbà gidi lè gbé e dé nìyí:

Wáyà 0.75: mítà 4 àbọ̀
Wáyà 1.5: mítà 10
Wáyà 2.5: mítà 16
Wáyà 4: mítà 26
Wáyà 6: mítà 38

Àlọ nìkan ni ẹ máa wọ̀n nílẹ̀. Àbọ̀ iná ti wà nínú ìṣirò náà, ẹ má tún un kà. Bí watt yín bá jẹ́ ìdajì, ẹ sọ mítà di ìlọ́po méjì. Bó bá jẹ́ 60 watt, ẹ gé mítà sí ìdajì. Bí ẹ bá tò gílóòbù yín lọ́nà bíi ti Bàbá, tí kì í ṣe òpin nìkan ni wọ́n wà, wáyà kan náà á lọ jìnnà díẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí wáyà 4 fi tó fún mítà 38 wọn. Wáyà 2.5 kò ní tó o, àfi kí wọ́n yọ gílóòbù méjì.

Ẹ fi okùn wọn ilẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ fi mítà 2 kún un fún ìsọrí wáyà. Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó fi owó tó kù ra gílóòbù; bí kò bá tó mẹ́fà, ẹ ra mẹ́rin.

Bí ilé ni ẹ fẹ́ fi iná yí po, ẹ má fi wáyà kan ṣoṣo rìn yí i ká. Láti ibi bátìrì, ẹ jẹ́ kí wáyà kan gba ọ̀tún, kí òmíràn gba òsì, kí àwọn méjèèjì parí sẹ́yìn ilé láìfara kanra. Ọ̀nà kúkúrú méjì sàn ju ọ̀nà gígùn kan lọ.

Bí géètì bá jìnnà tó mítà 60 sókè, ẹ má tiraka. Ẹ gbé sólà kékeré tirẹ̀ síbẹ̀, tàbí kí ẹ so bátìrì méjì pọ̀ di volt 24, kí ẹ sì ra gílóòbù volt 24. Lórí volt 24, wáyà kan náà á gbé watt kan náà dé ìlọ́po mẹ́rin mítà tí mo kọ sókè yẹn, bí ẹ bá gba volt 1.2 láyè láti ṣòfò níbẹ̀ dípò 0.6.

Bàbà gidi ni mo sọ. Wáyà kan wà lọ́jà tó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lẹ́yìn. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ sì rọ̀ wọ́n lójú. Ẹ bọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ ha ọ̀kan nínú àwọn irun rẹ̀. Bí inú bá funfun, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ tà á.

Fíúsì

Àká tó jóná nìyí. Volt 12 kì í gbé èèyàn, ìyẹn làwọn èèyàn ṣe ń fojú di í. Bátìrì ọkọ̀ lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún amp jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí pupa bá kan dúdú, wáyà á sì pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ kí ẹnikẹ́ni tó sáré dé ibẹ̀. Nínú àká yẹn, eku ló jẹ ara wáyà níbi tó gbà kọjá lábẹ́ àwọn àpò. Kò sí fíúsì, ohun kékeré tó máa ń jó kí iná lè já kí wáyà tó gbóná. Ẹni tó ni àká sọ fún mi pé fíúsì wà tẹ́lẹ̀, ó jó lẹ́ẹ̀mejì, ni wọ́n bá fi bébà dídán inú páálí sìgá dí ojú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Fíúsì tó jó lẹ́ẹ̀mejì ń pè yín ni, eku ti ń jẹ wáyà nígbà náà.

Fíúsì 5 amp ló tó fún 30 watt. Wáyà pupa ni ẹ máa fi í sí, kò sì gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ sí ẹnu bátìrì. Bí wáyà méjì bá jáde, fíúsì méjì. Ẹ fi fíúsì mẹ́ta mìíràn pamọ́ sínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì kí ó má di pé ẹ ń wá bébà sìgá lóru. Wáyà kankan kò gbọ́dọ̀ gba inú àká tàbí abẹ́ koríko gbígbẹ kọjá láìsí nínú páìpù.

Ìsọrí àti ilẹ̀

Lílọ́ wáyà pọ̀ kí a fi téèpù wé e, kí a sì rì í mọ́lẹ̀: òjò kan péré, bàbà á ti hu àwọ̀ ewé, iná á sì máa ṣẹ́jú. Ẹ má rì ìsọrí kankan mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e sókè sínú àpótí tí omi kì í wọ̀, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30 sórí ilẹ̀, kí ẹnu páìpù wọlé láti ìsàlẹ̀ àpótí, kì í ṣe láti òkè. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó ìsọrí náà kó lẹ̀ dáadáa.

Páìpù 20 mm, sẹ̀ǹtímítà 45 nínú ilẹ̀. 60 níbi tí ọkọ̀ tàbí katakata ń gbà. Yanrìn sẹ̀ǹtímítà 5 nísàlẹ̀ àti lókè páìpù kí òkúta má bàa fọ́ ọ. Ẹ má gbà á àárín ebè. Ẹ gbin òkúta tí ẹ kùn lẹ́fun sí orígun kọ̀ọ̀kan tó bá ti yà, torí ẹni tó máa wá roko lọ́dún tó ń bọ̀ lè má jẹ́ ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ lónìí.

Ibi tí gílóòbù máa dúró

Gbogbo èèyàn ló ń fi gílóòbù sókè ẹnu ọ̀nà gan-an. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti dá, èsúnsún á bo iná yẹn. Ọ̀pọ̀lọ́ á wá jẹ èsúnsún, ejò á sì wá jẹ ọ̀pọ̀lọ́. Iná tí ẹ fi lé ejò ti wá di ohun tó ń pè é sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ sún gílóòbù sí mítà 3 sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó máa tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí ẹ ń gbẹ́sẹ̀ lé. Ẹ ra èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n kọ 2700K tàbí 3000K sára páálí rẹ̀. Kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bíi ti funfun tó ń bù bí mànàmáná. Ẹ dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Ọ̀nà ilé ìgbẹ́, ẹnu kànga, àtẹ̀gùn àti géètì ló ṣe pàtàkì. Ara ògiri lè ṣókùnkùn.

Ẹ má jẹ́ kí iná tó ń tàn mọ́jú kọjú sí ilé adìyẹ tó ń yé. Wákàtí 16 ni ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù tí adìyẹ ẹlẹ́yin nílò lóòjọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wà sóyà: èyí tó bá wà lábẹ́ iná òru á máa tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbó.

Bátìrì àti sólà

Kí n yára sọ ọ́. Lórí volt 12, 30 watt fún wákàtí 12 jẹ́ 30 Ah (amp lọ́nà wákàtí, òun ni wọ́n fi ń wọn bí bátìrì ṣe tóbi tó). Bátìrì olómi kò gbọ́dọ̀ lò ju ìdajì lọ, nítorí náà 60 Ah ló kéré jù; ẹ ra 75. Bó bá jẹ́ lítíọ̀mù, 50 tó. Sólà 150 watt, kí ó kọjú sí gúúsù, kí ó sì dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè fọ eruku rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀ kó tó gbóná.

Wíwọ̀n ìkẹyìn

Kí ẹ tó da erùpẹ̀ bo páìpù, ẹ tan gbogbo gílóòbù, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ wọn ẹnu bátìrì, ẹ wọn gílóòbù ìkẹyìn, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Bó bá ju 0.6 lọ, ẹ má bò ó. Bí oníná bá ń kánjú, ẹ má sanwó tó kù fún un títí yóò fi wọ̀n ọ́n lójú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bírò tí kì í parẹ́ kọ nọ́ńbà méjèèjì àti ọjọ́ náà sínú ìdérí àpótí. Ẹ tún un wọ̀n níbẹ̀rẹ̀ òjò àti níparí òjò, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Bí àlàfo àárín wọn bá ti fi 0.3 pọ̀ sí i, ìsọrí kan ti ń jẹrà; ẹ ṣí àpótí, láti èyí tó sún mọ́ bátìrì jù lọ.